Ṣé Ó Lè Wọlé? Ìdí Tí Ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà Kì Í Fi Í Kúrò Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Méjì

Ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu òfin ìnáwó àti owó orí rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025, Elon Musk, olówó tó ti náwó rẹpẹtẹ fún un nínú ìbò 2024, kéde lórí X pé òun ń dá ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun sílẹ̀, àti pé America Party ni yóò máa jẹ́. Kíá ni ariwo ti gba orí ayélujára kan. Àwọn kan ní ó ti tó àsìkò tí ẹgbẹ́ kẹta yóò gba ìjọba lọ́wọ́ Democrat àti Republican. Àwọn mìíràn ní kò sí iye owó tó lè ra ohun tí ètò ìdìbò orílẹ̀-èdè náà kò fàyè sílẹ̀ fún. Ariwo náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé dìde ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé àtúnṣe kejìlélógún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tó fìdí múlẹ̀ ní 1951, kò gbà kí wọ́n dìbò yan Trump lẹ́ẹ̀kẹta. Èyí ni pé ẹgbẹ́ méjèèjì ni yóò wá olùdíje tuntun fún ìbò 2028, àwọn tí yóò dìbò abẹ́lé yóò sì tún máa bi ara wọn ní ohun tí wọ́n ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́: nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ta ló lè wọlé?

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kẹta àti ọ̀rọ̀ ẹni tó lè wọlé dà bí ohun méjì tí kò tan mọ́ra. Bẹ́ẹ̀, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ààrẹ níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ní lọ́kàn bí wọ́n bá ní olùdíje kan “lè wọlé”?

Bí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat tàbí Republican kan bá lọ dìbò abẹ́lé, ohun méjì ló máa ń rò. Èkíní ni ẹni tó wù ú. Èkejì ni ẹni tó gbà pé àwọn aládùúgbò òun, àti àwọn èèyàn tí òun kò mọ̀ rí ní Pennsylvania tàbí Arizona, yóò lè dìbò fún bí ó bá di oṣù Kọkànlá. Èrò kejì yìí ni wọ́n ń pè ní agbára àtiwọlé. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìmọ̀ tàbí ìwà olùdíje nìkan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìfojúdá nípa ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì ni, ẹlòmíì náà sì wà níbi tó ti ń fojú dá ti tìrẹ.

Títí di ọdún 2020, ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìfojúdá yìí ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Democrat bá ń ṣe ìbò abẹ́lé níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a péjọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn, oníkálukú a sì lọ dúró sí igun tí àwọn alátìlẹ́yìn olùdíje tó wù ú wà. Lórí ìdúró ni wọ́n ti ń kà wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, olùdíje tí àwọn tó wà ní igun rẹ̀ kò bá tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ti kógbá wọlé nìyẹn. Àwọn èèyàn rẹ̀ lè lọ sílé, wọ́n sì lè rìn kọjá lọ sí igun ẹlòmíì, níṣojú àwọn aládùúgbò tó ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ohun tí àwọn ará Iowa ń fẹsẹ̀ rìn ní gbangba yìí, inú ọkàn ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe é kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé ìdìbò.

Ǹjẹ́ ìfojúdá yìí máa ń jóòótọ́?

Ó ń jóòótọ́ nígbà mìíràn. Ní 1964, ẹgbẹ́ Republican fa Barry Goldwater, sẹ́nétọ̀ láti Arizona, kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ pé èrò rẹ̀ ti le jù fún ọ̀pọ̀ aráàlú. Ààrẹ Lyndon Johnson ti Democrat fi ìbò 486 sí 52 nà án láàárín àwọn aṣojú adìbò tó ń yan ààrẹ. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó kan ẹgbẹ́ Democrat. George McGovern, tó lòdì sí ogun Vietnam, kò rí ibì kankan mú ju Massachusetts àti Washington, D.C. lọ. Ẹ̀rù ọdún méjèèjì yìí ṣì ń ba àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ títí di òní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìbò abẹ́lé kan tí wọn kò ní dárúkọ Goldwater tàbí McGovern láti fi dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ gbé ẹni tí èrò rẹ̀ le kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò gba apá kan ṣoṣo. Ní 2004, ọ̀pọ̀ Democrat fi Howard Dean tó wù wọ́n sílẹ̀, wọ́n mú John Kerry, nítorí pé Kerry jagun ní Vietnam, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n ní kò sí bí George W. Bush yóò ṣe pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ojo. Kerry tí wọ́n mú nítorí àtiwọlé kò wọlé. Ní 1980 ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ní Ronald Reagan ti dàgbà jù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti le jù. Ìpínlẹ̀ 44 nínú 50 ló mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìbò 2008, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní South Carolina ló wà lẹ́yìn Hillary Clinton, kì í ṣe pé Barack Obama kò wù wọ́n, bí kò ṣe pé wọn kò gbà pé àwọn aláwọ̀ funfun yóò dìbò fún un. Nígbà tí Iowa, níbi tí aláwọ̀ funfun pọ̀ sí jù, gbé Obama ṣe ìkíní ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní, ọ̀rọ̀ yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà lára Obama fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn rò nípa ara wọn ló yí padà.

Èyí ló fa àríyànjiyàn tí kò tíì tán. Àwọn tó ń ṣètò ìpolongo ìbò sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá ro ti àtiwọlé yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìjọba fún alátakò. Àwọn alátakò èrò yìí, pàápàá àwọn tó ń ṣègbè fún obìnrin àti aláwọ̀ dúdú tó ń díje, sọ pé bí ènìyàn bá kọ olùdíje kan sílẹ̀ nítorí ó rò pé aládùúgbò òun kórìíra irú rẹ̀, ó ti bá ìkórìíra náà ṣiṣẹ́, bóyá aládùúgbò ní in lọ́kàn tàbí kò ní.

Ṣé òfin ló ní kí ẹgbẹ́ jẹ́ méjì péré?

Rárá o. Òǹkàwé tó bá rántí ìjọba ológun Babangida, tó fòfin dá SDP àti NRC sílẹ̀ ní 1989 pé àwọn méjì yìí nìkan ni yóò máa díje ní Nàìjíríà, lè rò pé irú rẹ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kan nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ti dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ẹgbẹ́ Libertarian àti ẹgbẹ́ Green sì máa ń wà lórí ìwé ìdìbò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ìṣirò ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbérí.

Kì í ṣe iye ìbò aráàlú lápapọ̀ ló ń yan ààrẹ. Aṣojú adìbò 538, tí àpapọ̀ wọn ń jẹ́ Electoral College, ló ń yàn án, ẹni tó bá sì rí 270 nínú wọn ló wọlé. Iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ni iye àwọn ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin rẹ̀, pẹ̀lú sẹ́nétọ̀ méjì, Washington, D.C. ní mẹ́ta. Àyàfi Maine àti Nebraska, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń kó gbogbo aṣojú rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìbò kan ló fi ju ẹnìkejì lọ. Ní California ní 2024, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn tó dìbò fún Trump. Nínú aṣojú 54 tí California ní, kò rí ẹyọ kan.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún olùdíje ẹgbẹ́ ńlá, ẹ wo bí yóò ṣe rí fún ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ ńlá lẹ́yìn. Ní 1992, Ross Perot, olówó láti Texas, díje láìsí ẹgbẹ́, ó sì gba ìdá 18.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 19 èèyàn. Kò rí aṣojú kankan, nítorí ìbò rẹ̀ fọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè, kò sì ṣe ipò kìíní ní ìpínlẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ní 1968, George Wallace, gómìnà Alabama tẹ́lẹ̀ rí, tó dúró lé ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun, gba nǹkan bí ìdá 13.5 péré, ó sì kó aṣojú 46, nítorí ibì kan náà ní gúúsù ni àwọn èèyàn rẹ̀ kó jọ sí. Ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré ju ti Perot ló rí nǹkan mú.

Maurice Duverger, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lọ́nà tí àwọn onímọ̀ ìṣèlú ṣì ń lò. Ní ọdún 1951, ó kọ ọ́ pé níbi tí ẹni kan ṣoṣo bá ti ń wọlé pẹ̀lú ìbò tó pọ̀ jù, ẹgbẹ́ máa ń dín kù sí méjì. Apá kan nínú ìdí náà ni ti kíkà ìbò fúnra rẹ̀, tó ń fi ẹgbẹ́ kẹta sílẹ̀ lófo. Apá kejì ni ti ọkàn àwọn olùdìbò, tí wọn kò fẹ́ kí ìbò wọn di àṣedànù, tí wọ́n sì ń sá lọ bá ẹni tó sún mọ́ èrò wọn nínú àwọn méjì tó lè wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kẹta àti ọ̀rọ̀ agbára àtiwọlé pàdé níbí yìí: ẹgbẹ́ kẹta kò lè wọlé nítorí àwọn èèyàn rò pé kò lè wọlé, ètò kíkà náà kò sì fún wọn nídìí láti rò ó lọ́nà mìíràn.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ kẹta máa ń fi ìbò ṣe alátakò lóore?

Ọdún 2000 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Bush fi ìbò 537 péré borí Al Gore ní Florida, Florida yẹn ló sì gbé e kọjá 270, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò Gore ju tirẹ̀ lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ralph Nader ti ẹgbẹ́ Green rí ìbò tó lé ní 97,000 ní Florida kan náà. Àwọn Democrat ní bí díẹ̀ péré nínú àwọn wọ̀nyẹn bá ti yà sọ́dọ̀ Gore, Gore ni ì bá jẹ ààrẹ. Nader àti àwọn tirẹ̀ fèsì pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Democrat ní Florida ló dìbò fún Bush, pé ìwé ìdìbò tí wọ́n tò ní ìtòkutò ní Palm Beach ṣi ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́nà, àti pé ẹgbẹ́ kéékèèké kọ̀ọ̀kan tó díje ní Florida ló rí ju ìbò 537 lọ, kí ló wá dé tó fi jẹ́ ti Green nìkan ni wọ́n ń kà sọ́rùn? Kò sí ẹni tó lè fi ìbò tí kò wáyé yanjú ìjà yìí.

Irú rẹ̀ tún wáyé ní 2016. Ní Michigan, Trump fi ìbò 10,704 ju Clinton lọ, Jill Stein ti Green sì rí èyí tó lé ní 51,000. Ṣùgbọ́n Gary Johnson ti Libertarian, tí àwọn kan gbà pé ọ̀dọ̀ Republican ló ti ń fa èèyàn, rí ju ìlọ́po mẹ́ta ti Stein lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ka Stein láì ka Johnson ti ka ìdajì ìṣirò. Ti Perot ní 1992 gan-an, ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́wọ́ àwọn olùdìbò bí wọ́n ṣe ń jáde fi hàn pé àwọn èèyàn rẹ̀ ì bá pín sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín Bush bàbá àti Bill Clinton.

Èyí tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò pọ̀ ni ti 1912. Theodore Roosevelt, ààrẹ àná, bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ Republican, ó sì bá William Taft tó wà lórí oyè díje. Ìbò àwọn méjèèjì papọ̀ ju ìdajì lọ. Woodrow Wilson ti Democrat, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 42, kó aṣojú 435 nínú 531.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí 270 ńkọ́?

Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbèrò ẹgbẹ́ kẹta kì í rò dé. Àtúnṣe kejìlá sí ìwé òfin ní kí ilé aṣojú-ṣòfin yan ààrẹ láàárín àwọn mẹ́ta tó ṣáájú, kì í sì í ṣe pé aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìbò kan. Wyoming tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 600,000 yóò dìbò kan, California tí èèyàn ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 39 yóò dìbò kan, ẹni tó bá sì rí 26 ló ni ín. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1824, Andrew Jackson ló ṣáájú pẹ̀lú aṣojú 99, John Quincy Adams ní 84. Ilé aṣojú-ṣòfin gbé oyè fún Adams ní oṣù Kejì 1825. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kẹta tó bá mú ìpínlẹ̀ díẹ̀ kò gba ìjọba, ó kàn gbé ìpinnu lé ọwọ́ àwọn aṣòfin tí ó jẹ́ pé Democrat àti Republican ni gbogbo wọn, tàbí kó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo wọn.

Kí ló tún ń dí ẹgbẹ́ tuntun lọ́nà?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí ìwé ìdìbò rẹ̀. Ní Tennessee, ẹni tó ń dá díje fún ipò ààrẹ nílò ìfọwọ́sí èèyàn 275. Ní Texas ní 2024, ó nílò 113,151, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tí kò bá ẹgbẹ́ kankan dìbò abẹ́lé lọ́dún náà, ó sì gbọ́dọ̀ kó wọn jọ kí oṣù Karùn-ún tó dé ìdajì. Ti ìtàkurọ̀sọ lórí tẹlifíṣọ̀n tún wà. Láti ọdún 2000 títí di 2020, àjọ tó ń ṣètò rẹ̀ ní ẹni tí kò bá ní ìdá 15 nínú ìwádìí èrò aráàlú kò ní dé orí pèpéle. Àwọn tó fara mọ́ òfin náà ní bí kò bá sí i, ènìyàn ogún ni yóò máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Àwọn tó takò ó ní aráàlú kò lè fẹ́ràn ẹni tí wọn kò rí.

Robert F. Kennedy kékeré fojú winá gbogbo rẹ̀ ní 2024. Abẹ́ Democrat ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kúrò láti dá díje ní oṣù Kẹwàá 2023, kò sì dé orí pèpéle ìtàkurọ̀sọ tí CNN ṣe ní oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, ó dáwọ́ dúró, ó sì gbárùkù ti Trump. Ohun tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni lẹ́rìn-ín: ó lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò ní Michigan àti Wisconsin, níbi tí ìdíje ti le, ó sì ń bá New York ṣẹjọ́ nígbà kan náà pé kí wọ́n dá orúkọ òun padà. Àwọn ìbéèrè náà kò bọ́ sí i. Wọ́n kọ̀ láti yọ ọ́ níbi tó ti fẹ́ jáde, wọ́n sì kọ̀ láti gbà á níbi tó ti fẹ́ wọlé.

Báwo ni agbára àtiwọlé ṣe darí 2020 àti 2024?

Ní 2020, Joe Biden ṣe ipò kẹrin ní Iowa àti ipò karùn-ún ní New Hampshire, ọ̀pọ̀ sì ti ń sọ pé ti ẹ̀ ti parí. Bernie Sanders ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn tí Jim Clyburn, àgbà aṣòfin aláwọ̀ dúdú ní South Carolina, gbárùkù ti Biden, ó jáwé olúborí níbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì. Pete Buttigieg àti Amy Klobuchar fi ìdíje sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n sì kó àwọn tiwọn fún un. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó mú ìpínlẹ̀ 10 nínú 14 tó dìbò abẹ́lé lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò náà sọ fún àwọn oníwàádìí pé ẹni tó lè lé Trump lọ ni àwọn ń wá, ju ẹni tí èrò rẹ̀ bá tàwọn mu lọ.

Irú ìṣirò tó gbé e wọlé ló gbé e jáde. Lẹ́yìn ìtàkurọ̀sọ ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2024, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 81, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ ní gbangba pé kò lè wọlé mọ́, ó sì yẹ̀bá ní ọjọ́ 21 oṣù Keje. Kamala Harris tó rọ́pò rẹ̀ pàdánù gbogbo ìpínlẹ̀ méje tí ìdíje ti le jù. Trump, tí ilé ẹjọ́ New York ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn 34 ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, tí ọ̀pọ̀ sì ti ní ìdálẹ́bi yẹn yóò bẹ́gi dínà rẹ̀, kó aṣojú 312. Láti ìgbà náà ni Democrat ti pín lórí ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn kan ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fà sún mọ́ àárín, àwọn kan ní ọ̀wọ́n gógó ọjà ló lé wọn lọ, àwọn kan sì ń béèrè bóyá Amẹ́ríkà yóò gbà kí obìnrin jẹ ààrẹ.

Àtúnṣe wo ni wọ́n ń gbèrò, àwọn wo ló sì takò ó?

Èkíní ni kí olùdìbò to àwọn olùdíje lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe wù ú sí, kí ìbò ẹni tó yan ẹni tó gbẹ́yìn lè kọjá sọ́dọ̀ ẹni kejì tó wù ú dípò kó ṣòfò. Maine ń lò ó, Alaska náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní 2024, àwọn ará Colorado, Idaho, Nevada àti Oregon fi ìbò kọ àbá tó jọ ọ́, àwọn tó fẹ́ pa á rẹ́ ní Alaska sì fi ìbò tí kò tó 1,000 pàdánù. Florida àti Tennessee ti fòfin dè é láti 2022. Àwọn tó takò ó ní ó ń dojú rú mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́, èsì rẹ̀ sì ń pẹ́.

Èkejì ni àdéhùn láàárín àwọn ìpínlẹ̀ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni àwọn yóò kó aṣojú àwọn fún. Nígbà tí 2024 fi parí, àwọn tó ti fọwọ́ sí i ní aṣojú 209. Kò ní ṣiṣẹ́ títí yóò fi pé 270. Àwọn alátakò ní bí ó bá ṣiṣẹ́, àwọn olùdíje kò ní yà sí ìpínlẹ̀ kéékèèké mọ́, àti pé ẹgbẹ́ ńlá méjì ń fipá mú oríṣiríṣi èèyàn láti gbà fún ara wọn kí ìbò tó dé, dípò kí wọ́n máa ṣe é lẹ́yìn ìbò bíi ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ pé àdéhùn yìí kò ní sọ ẹgbẹ́ di mẹ́ta, nítorí ẹni kan ṣoṣo náà ni yóò ṣì máa wọlé.

Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ tuntun ti gba ipò ẹgbẹ́ ńlá rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ́ Republican fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Ọdún 1854 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ìjà lórí oko ẹrú fọ́ ẹgbẹ́ Whig sí wẹ́wẹ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Abraham Lincoln wọlé láàárín olùdíje mẹ́rin pẹ̀lú ìdá tí kò tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àyè kan ló ṣófo kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀. Wọn kò di ẹgbẹ́ kẹta fún ìgbà pípẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ yí ìṣèlú ibẹ̀ padà máa ń gba abẹ́ ẹgbẹ́ ńlá wọlé ni. Sanders, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ tí kò ní ẹgbẹ́, lọ gba fọ́ọ̀mù ìbò abẹ́lé Democrat ní 2016 àti 2020. Trump náà ti gbìyànjú ọ̀nà ẹgbẹ́ kẹta rí: ní oṣù Kẹwàá 1999, ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wò ó bóyá òun yóò díje lábẹ́ ẹgbẹ́ Reform tí Perot dá sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejì 2000, pé ẹgbẹ́ náà kò ṣọ̀kan, kò sì lè wọlé. Nígbà tó tún padà wá fún ìbò 2016, inú ìbò abẹ́lé Republican ló gbà wọlé.